Aṣọ 120 ni mo kọ sílẹ̀ kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé, 46 ni mo rí ṣe. Ṣé kí n dín in kù?

Àdùkẹ́ Oníko

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òṣogbo níbí ni mo wà, lápá Òkè-Baálẹ̀, iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe. Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo mú ìwé tí ọmọ mi ò lò tán, mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́: “Aṣọ 120 kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé.” Yáàdì márùn-ún ni aṣọ kan. Bí mo ṣe dórí 120 ni pé mo ro owó ilé, owó iléèwé ọmọ méjì àti ti ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fẹ́ rà pọ̀, mo wá fi èrè orí aṣọ kan pín in.

Oṣù kẹfà ti ń parí lọ báyìí. Iye tí mo ṣe lóṣooṣù nìyí: 11, 12, 10, 6, 4, 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 46. Mo ti ta 31, ó ku 15 nílé. Oníbàárà mi kan ní Ìbàdàn sì ti san ìdajì owó aṣọ 20 sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ló fẹ́ gbà á.

Òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Kí n tó kúrò nídìí okùn tí mo sá a sí, ojú ọ̀run á ti ṣú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò nìkan. Òwú tí mo fi ń di aṣọ ti gé ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò mi síbi méjì, kọ́sítíìkì inú aró wá ń wọ ojú ibẹ̀. Lánàá, mo fa aṣọ kan jáde nínú ike aró, ó ṣì ní àwọ̀ ewé. Ó yẹ kí n fún un, kí n tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ kíá kó lè di búlúù, àmọ́ ọwọ́ mi ò gbà á. Mo jókòó ti ike náà, mò ń wò ó títí ara aṣọ fi rí kálakàla, mo sì bú sẹ́kún.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dín 120 yẹn kù ni, àbí ọ̀lẹ ló fẹ́ mú mi? Alaalẹ́ tí mo bá ṣí ìwé yẹn ni àyà mi ń já.

Màmá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Àdùkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀lẹ kì í ka iṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn. Ibi tó ti wọ́ ni pé inú ohun tí o fẹ́ fi owó ṣe lo ti mú 120 jáde. O ò bi ọwọ́ rẹ, o ò bi oòrùn.

Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2005, oṣù keje ni UNESCO kọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ọdún Ọ̀ṣun sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ní àlejò á ya wọ̀lú. Ewé èlú ni èmi fi ń ṣe aró, ìkòkò méjì ni mo ní, mo wá da ìkẹta. Ẹni tó bá mọ aró èlú mọ̀ pé lẹ́yìn tí a bá ti da omi eérú lé e, ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó mú, a kì í kán an lójú. Mo kán an lójú. Ọjọ́ kẹta ni mo ti ń ki aṣọ bọ̀ ọ́. Aṣọ 18 ló ṣá nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ojú ọjà ni wọ́n ti dá a padà fún mi. Ìkòkò méjì tí mo ní ì bá ti tó mi.

Má fi oṣù kejì ṣírò oṣù keje. Lóṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀, tí ọwọ́ ń dùn ọ́, 3 lo ṣe. Òun ni kí o fi ṣírò. Lẹ́yìn náà, ya ohun tí o jẹ ẹlòmíì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí o ṣèlérí fún ara rẹ. Ti Ìbàdàn jẹ́ 20, 15 wà nílé. 5 péré ni gbèsè rẹ, ọmọ mi. 69 yòókù, ìwọ lo jẹ ara rẹ, o sì lè fi ji ara rẹ.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fíà

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ọwọ́ yẹn ló ká mi lára. Kọ́sítíìkì máa ń jó ara wọnú lọ nígbà tí ẹ bá rò pé ó ti tán. Bó bá ta sí yín lára, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ṣan án, kó pẹ́ dáadáa. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ẹ má fi epo pupa pa á. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn tó gùn dé ìgúnpá ni kí ẹ máa wọ̀. Títí ojú egbò yẹn á fi jiná, ẹ má ti ọwọ́ bọ aró rárá, ì báà ṣe aṣọ kan ṣoṣo. Bó bá wú, tàbí tó ń ṣọyún, ẹ lọ fi han dókítà.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ jọ̀ọ́, èrò tèmi yàtọ̀. Bí èèyàn bá ń gé ohun tó fẹ́ kù nígbàkúùgbà tó bá le, ìgbà wo ló máa débì kan? Ẹ gba ọmọbìnrin méjì, kí wọ́n máa bá yín di aṣọ, ẹ ó bá 120 yẹn.

Télọ̀ Ìgbọ̀nà

Àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe rò ó. Ọdún Iléyá kan, mo gba aṣọ èèyàn 30, mo sì gba ọmọṣẹ́ méjì kún èyí tí mo ní. Kí n tó gé aṣọ fún wọn, kí n tó tú èyí tí wọ́n rán wọ́, ilẹ̀ á ti ṣú. Ọmọṣẹ́ tuntun kì í fi kún iṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣe ló ń gbà nínú àsìkò rẹ. Nígbà tó di aago mẹ́ta òru, oorun gbé mi lọ lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ gba èékánná mi kọjá. Èèyàn 9 ni ò rí aṣọ wọ lọ yídì. Bàbá kan jókòó síta ṣọ́ọ̀bù mi láti ìdájí, kò bínú, ó kàn ń wò mí. Mi ò tíì gbàgbé ojú yẹn.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kọ orúkọ dé 14, mo dáwọ́ dúró. Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún, mo máa ń mú un lọ bá ọ̀rẹ́ mi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó dùn mí nígbà àkọ́kọ́, torí owó ni mò ń fà lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn 14 yẹn ló ń padà wá.

Àdùkẹ́ Oníko

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màmá, nígbà tí mo rí 5 tí ẹ kọ, mo dìde lọ ka aṣọ ilé lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Mo pe oníbàárà Ìbàdàn lálẹ́ àná, mo ṣàlàyé ọwọ́ mi fún un. Ó ní kí n fi 15 ránṣẹ́, kí 5 yòókù dé kí oṣù kẹjọ tó parí. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rù ìpè yẹn ti ń bà mí.

Ọmọ Ayétòrò, màá gba ọmọbìnrin kan, ṣùgbọ́n ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí màá lè fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ di ọdún tó ń bọ̀. Ó dùn mí gan-an. Ohun tó wà lójú ewé tuntun ni: ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí aró, lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ kan lọ́sẹ̀, méjì bí oòrùn bá ràn. Nọ́ọ̀sì, mo ti ra ìbọ̀wọ́ náà, ó dé ìgúnpá.

Màmá, bí ọwọ́ mi bá san, ṣé mo lè wá wo ìkòkò èlú yín?

Màmá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Máa bọ̀. Lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun ni kí o wá, mo fẹ́ da tuntun nígbà náà, ọjọ́ kìíní rẹ̀ ló yẹ kí o bá.