Bàbá mi ní àwọn Àgùdà kì í ṣe Yorùbá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé wa. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tí baba ńlá wọn ti Brazil padà wá, ni agboolé wọn wà, orúkọ Potogí ni wọ́n sì ń jẹ́. Bí bàbá mi ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n dìde, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ fún àjèjì. Oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ ká ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Yorùbá tí ọmọkùnrin yìí ń sọ dùn ju tèmi lọ! Kí ni mo lè sọ fún bàbá mi tí kò ní jọ àfojúdi?

Ìyá Wálé, Èkó:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbé mi wá sílé ọkọ, ilé Àgùdà. Ọmọ tí wọ́n tà tí ó padà wálé ni wọ́n, wọn kì í ṣe àjèjì. Ogun kó àwọn baba ńlá wọn, wọ́n tà wọ́n sí Bahia ní Brazil. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Salvador ní 1835, tí Yorùbá sì pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún wọn lóko ẹrú ló bá wọn wálé. Cândido da Rocha, olówó Èkó àtijọ́ tí gbogbo Èkó mọ̀, oyè Lodifi Iléṣà ló jẹ, torí Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo se frejon fún Ọjọ́ Ẹtì Rere, ìyá ọkọ mi dúró tì mí. Ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú ni, a sè é títí ó fi rọ̀, a lọ̀ ọ́ kúnná, a rin àgbọn, a fún omi rẹ̀ sí i. Apá ń ro mí, wọ́n ní, "Má dáwọ́ dúró, yóò jóná nísàlẹ̀." Nígbà tí a bù ú tán, tí ọbẹ̀ ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bu gààrí wọ́n ọn lórí. Gààrí Ìjẹ̀bú ni o! Sọ ìyẹn fún bàbá rẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ìyá, ẹ ṣeun. Àmọ́ mi ò rò pé orúkọ ló ń dun bàbá. Àgùdà náà la ń pe ìjọ Kátólíìkì. Ṣé Mùsùlùmí ni bàbá rẹ? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń bẹ̀rù pé ará ilé ọkọ rẹ máa gbé ọ lọ ṣèrìbọmi. Rọra bi wọ́n ní kọ̀rọ̀. Má sì ka ìtàn 1835 sí àgbàlagbà létí nígbà tí inú ń bí wọn.

Alájì Ìdúmọ̀tà:
Àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí wà, ìdílé ìyá mi wà lára wọn. Mọ́sáláásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, João Baptista da Costa tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ. Ìwọ àti ọmọkùnrin yẹn kọ́ ló yẹ kó lọ bá bàbá. Ẹ wá ẹni tí wọn kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mùsùlùmí ni bàbá mi lóòótọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin lálẹ́ àná. Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ́, wọ́n ní Campos, ní àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó, ni bàbá mi ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, àti pé Àgùdà ni ọ̀gá wọn, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ni wọ́n ń sùn. Bàbá mi kò sọ ọ́ fún wa rí. Sátidé la jọ ń lọ bá wọn.