Ọ̀rọ̀ ajá mi tó ń fà mí kiri ti yanjú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Bingo, ajá mi tó ń wọ́ mi kiri àdúgbò bí ẹni wọ́ igi, ẹ ṣé gan-an.

Harness (ìyẹn bẹ́líìtì tí ajá ń wọ̀ sí àyà dípò ọrùn) tí òrùka tá a ń so okùn mọ́ wà níwájú àyà ló bá wa mu. Tó bá ti fẹ́ fà báyìí, okùn á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá kọjú sí mi. Èyí tí òrùka rẹ̀ wà lẹ́yìn kò wúlò fún wa rárá. Ó ń jẹ́ kó rí àyà fi ti nǹkan dáadáa ni. Ikọ́ tó máa ń wú nígbà tí bẹ́líìtì ń fún un lọ́rùn náà ti lọ. Ẹ ṣáà rí i pé ìka méjì ń wọ abẹ́ rẹ̀, kó má baà bó o lábíyá.

Harness nìkan kò tó ṣá. Bí okùn bá le, màá dúró gbagidi. Tó bá dẹ̀, a tún ń lọ nìyẹn, màá sì já ẹran díẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi gan-an, kì í ṣe níwájú. Ìyàwó mi ní ẹran tí Bingo ń jẹ ti fẹ́ pọ̀ ju tòun lọ!

Ewúrẹ́ nìkan la ò tíì rí yanjú. Tá a bá ti rí ewúrẹ́, a máa ń gba ọ̀nà mìíràn.