Ẹ gbà mí o, wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ ààlà fún mi ní Àkúrẹ́

Ìyá Tóbi, Tucson: Ẹ̀yin ará ilé, àyà mi ń já. Onílẹ̀ tó bá wa pààlà ní Òkè-Àró ní fẹ́ǹsì wa ti wọ ilẹ̀ òun. Ó ní kí n ra ibẹ̀, tí owó ò bá wọlé kó tó di Jímọ̀, òun á tà á fẹ́lòmíì. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Bọ̀dá Houston: Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́! Àbúrò mi sanwó tán kó tó pe sọ̀fíyọ̀. Pílà bọ́ sí àárín kànga ẹlòmíì.

Àǹtí Peckham: Ṣé ilẹ̀ ẹbí ni? Olórí ẹbí ńkọ́? Àwọn ọmọ ìyá kejì ńkọ́? Tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kóòtù yá.

Ọmọ Ẹkímọgún, Toronto: Ìyá Tóbi, Tucson tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an, Amẹ́ríkà rà á lọ́wọ́ Mẹ́síkò ni! Ìparí 1853 ni Gadsden, aṣojú Amẹ́ríkà, bá Santa Anna, olórí Mẹ́síkò, tọwọ́ bọ̀wé, mílíọ̀nù 15 dọ́là. Sẹ́nétì Amẹ́ríkà gé e sí 10. Wọ́n san 7, wọ́n ní 3 tó kù, ó dìgbà tí wọ́n bá wọn ààlà, tí wọ́n sì sàmì sí i. Ẹ̀yin náà, ẹ di owó mú.

Bọ̀dá Houston: Máàpù tí kò péye ló fa gbogbo ẹ̀. Àdéhùn 1848 tó parí ogun Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, ibi tí ìlú El Paso ò sí ni máàpù ẹ̀ yà á sí, ni ìjà ilẹ̀ Mesilla tó wà lẹ́bàá ààlà bá bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ẹkímọgún: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà rélùwéè ni wọ́n ń wá.

Bọ̀dá Houston: Ta ló ń wá rélùwéè lórí ilẹ̀ tí kò níjà?

Àǹtí Peckham: Àwọn Tohono O'odham tó ń gbé ibẹ̀, ta ló bi wọ́n? Santa Anna dá tà, nígbà tó di 1855 wọ́n lé e lórí oyè. Olórí ẹbí tó dá ilẹ̀ tà nìyẹn!

Ọmọ Olóyèmẹ̀kun, Manchester: 😂 Ará Oǹdó ń kọ́ wa nílẹ̀ Àkúrẹ́. Ta ni olú-ìlú?

Ọmọ Ẹkímọgún: Orúkọ ta ni ìpínlẹ̀ ń jẹ́?

Ìyá Tóbi: Ẹ jọ̀ọ́, ó tún ń pè mí. Ta ló mọ sọ̀fíyọ̀ gidi ní Alágbàká?

Ọmọ Olóyèmẹ̀kun: Ẹ sọ fún un pé ẹ wà níbi iṣẹ́. Háà, Alágbàká! Iyán ọ̀sán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́... ìyẹ̀fun inú páálí tí mo rò lánàá, ẹ má bi mí.

Àǹtí Peckham: Mò ń bọ̀ láti ilé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀gúsí nìkan ni mo lè gbà o, báàgì mi ti kún.

Bọ̀dá Houston: Orógbó ńkọ́? Díẹ̀ péré.