Ìtumọ̀ kọ́ ni ayàwòrán ń ṣe

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó fún ohun tí ayàwòrán ń ṣe nígbà tó bá gbé nǹkan ojoojúmọ́ síwájú, bí ife tàbí bàtà, tó sì yà á bí ẹlòmíràn kò ṣe ní yà á. Àbá méjì ti wọlé: “ìtumọ̀” àti “ìfojú-inú-wò”. N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Kí a tú nǹkan kí a lè mọ̀ ọ́n ni ìtumọ̀, ẹni tó ń wo àwòrán ló sì ń ṣe ìyẹn. Ní 1886, ayàwòrán Vincent van Gogh ya bàtà kan tó ti gbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, okùn rẹ̀ tú sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Martin Heidegger, onímọ̀ ọgbọ́n orí ti Jámánì, wò ó, ó ní bàtà obìnrin àgbẹ̀ ni, ó rí làálàá oko nínú rẹ̀. Ní 1968, Meyer Schapiro, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà, ta kò ó, ó ní bàtà ayàwòrán náà fúnra rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì yìí ló túmọ̀. Van Gogh ti ṣe tirẹ̀ tán kí wọ́n tó dé.

“Ìfojú-inú-wò” ńkọ́? Ohun tí kò sí níwájú ẹni la sábà máa ń fojú inú wò. Ìgò ayàwòrán Giorgio Morandi (1890–1964) ní Ítálì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀ gbangba. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń yà wọ́n, ó jẹ́ kí eruku bò wọ́n, ó tilẹ̀ fi ọ̀dà kun òmíràn kí ó má baà máa dán.

Èmi náà ń yàwòrán. Bí mo bá gbé ife funfun kalẹ̀, mo lè wá funfun rẹ̀ títí kí n má rí i. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì dà bí eérú, àwọ̀ aró díẹ̀ sì wà níbi tí a ti ń dì í mú. Ẹni tó jókòó tì mí lè mú òjìji ife náà nìkan.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “ìwòyà”. Bí ìwòsàn ṣe jẹ́ wíwò tó yọrí sí sísàn, bẹ́ẹ̀ ni ìwòyà jẹ́ wíwò tó yọrí sí yíyà. Mo sì fẹ́ràn pé “yà” tún ni ti ìyàsọ́tọ̀, nítorí ayàwòrán gbọ́dọ̀ ya ohun tó máa mú kúrò lára ohun tó máa fi sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní òun ń gbọ́ “ìyà” nínú rẹ̀, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ nínú “ìpínyà”?

Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ló kù tí mo fẹ́ kí àwọn onígírámà bá wa yẹ̀ wò: a máa ń sọ pé “ó wo aláìsàn sàn”. Ṣé “ó wo ife yà” dún dáadáa létí yín?