Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mò ń kó kúrò ní Aberdeen lọ sí Dubai láàárín ìgbà ooru

Àjàní_Aberdeen:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ni mò ń ṣe ní Aberdeen, ní Scotland. Láti ọdún 2016 la ti wà níbí, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Dubai ti fún mi níṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù keje. Nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ náà, ìta gbangba ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí, nítorí náà ooru kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni pé: kí ni kí n bèèrè kí n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn? Ṣé kí gbogbo wa jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà? Kí ni ká kó dání, kí ni ká fi sílẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì_Dubai:
Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí, ibi tí ẹ ní kò bà yín lẹ́rù gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ooru Ìbàdàn ti kúrò lára yín. Ara tí ooru ti mọ́ máa ń tètè làágùn, iyọ̀ tó ń bá òógùn náà jáde kì í sì í pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi bí oṣù kan péré kúrò nínú ooru, ara á ti gbàgbé. Ẹ̀yin wá ti pẹ́ ní ìlú tí ọ̀sán oṣù keje kì í sábà kọjá 20°C. Bí ooru yìí ṣe máa ṣàjèjì sí òyìnbó tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣàjèjì sí yín.

Ooru ibí tún yàtọ̀. Ní Ìbàdàn, oṣù kejì àti ìkẹta ló máa ń mú jù, bí 34 tàbí 35°C, bó bá sì di òru, èèyàn á rí ìtura díẹ̀. Ní Dubai, ọ̀sán oṣù keje àti ìkẹjọ máa ń kọjá 40°C, òru pàápàá á wà ní nǹkan bí 30°C. Omi òkun tó wà létí ìlú á ti gbóná, ọ̀rinrin rẹ̀ á sì kún inú afẹ́fẹ́. Òógùn kì í mú ara tutù àfi tó bá gbẹ kúrò lára. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin, ńṣe ni òógùn á kàn máa ṣàn, ooru inú ara ò ní rọ́nà jáde. Ibẹ̀ lewu wà, ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi díẹ̀díẹ̀ wọnú iṣẹ́ ìta. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àkókò tí ẹni tuntun máa lò nínú ooru kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, kó wá máa fi ìdá kan kún un lójoojúmọ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara tó mọ́ ọn. Tí ẹ bá ti wà nínú oòrùn, ẹ mu ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ má dúró de òǹgbẹ. Ẹ máa wo ìtọ̀ yín: bó bá pọ́n bí tíì, omi ti dín lára yín. Ẹ má sì fo oúnjẹ, torí inú oúnjẹ ni iyọ̀ tó bá òógùn lọ ti ń padà wọlé.

Èyí tó kù, mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ṣé ẹ mọ genotype gbogbo ilé? Bí ọmọ kan bá jẹ́ SS, tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, ìrora fòníkú-fọ̀ladìde lè dé bá a. Ẹni tó jẹ́ AS, tí ara rẹ̀ le, tí kò ṣàìsàn rí, iṣẹ́ agbára nínú irú ooru yìí lè dá òun náà dùbúlẹ̀ lójijì. Bó bá jẹ́ AS ni yín, ẹ sọ fún dókítà ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú èèyàn tọ̀, ẹ rí dókítà yín ní Aberdeen kí ẹ tó gbéra.

Lórí iṣẹ́, bí ẹ bá rí ẹnì kan tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ pe 998, nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn níbí. Ẹ má wò ó bóyá á sàn.

Ọmọ_Ẹ̀gbá:
Mo fi kún ti Nọ́ọ̀sì. Òfin wà níbí: láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, láti aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán sí aago mẹ́ta, wọn ò gbọ́dọ̀ mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn gbangba. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń pín wákàtí iṣẹ́ láàárín oṣù yẹn. Ọ̀pọ̀ máa ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ẹ máa tètè sùn.

Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kí wọ́n sún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà sí oṣù kẹwàá. Ojú ọjọ́ á ti ń rọ̀ nígbà náà, ara á sì ti mọ ìlú kí ooru ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé.

Àgbà_Ọ̀yọ́:
Àjàní, àbúrò mi, mo kí ọ. Ti ara, wọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Ti ìwé ni tèmi, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa kan ti ń sọ ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wá nù.

Láti 2016 lẹ ti wà ní Britain. Ṣé pásípọ́ọ̀tù wọn ti wà lọ́wọ́ yín ni, àbí ILR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí? Bó bá jẹ́ ILR, tí ẹ bá wà lẹ́yìn odi fún ohun tó ju ọdún méjì lọ láìpadà, ó parí nìyẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba ìwé ọmọ ìlú, wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí ẹ ò sí nílùú: kò yẹ kó ju 450 lọ láàárín ọdún márùn-ún, kò sì yẹ kó ju 90 lọ nínú oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn. Tó bá ti tó àkókò tí ẹ lè gba ìwé yẹn, ẹ gbà á kí ẹ tó lọ. Ní Dubai, físà òṣìṣẹ́ rọ̀ mọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe, físà aya àti ọmọ sì rọ̀ mọ́ tiẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ó yẹ kí ilé tí ẹ máa padà sí wà.

Nínú ìwé àdéhùn, iye tí wọ́n bá kọ sí basic, ìyẹn owó oṣù gan-an láìka owó àjẹmọ́nú, ni kí o kọ́kọ́ wò. Orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò owó tí wọ́n máa fún ọ bí o bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀: basic ọjọ́ 21 fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún àkọ́kọ́, ọjọ́ 30 fún ọdún kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ mìíràn á kọ basic kékeré, á wá fi owó ilé àti owó ọkọ̀ bù sí i kí àpapọ̀ lè wuyì. Òótọ́ ni pé wọn kì í yọ owó orí lára owó oṣù níbẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù P85 ni kí o fi sọ fún HMRC, àjọ tó ń gba owó orí ní Britain, pé o ti ń lọ.

Ìwé ìgbéyàwó ńkọ́? Bó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ ti gbà á, Nàìjíríà ni wọ́n ti máa lu òǹtẹ̀ sí i, láti iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè dé ọ́fíìsì aṣojú UAE, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà, ní Abuja. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ó máa ń falẹ̀.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àwọn ọmọ, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ilé-ìwé tó ń lo ìlànà Britain ní Dubai máa ń wọlé ní ìparí oṣù kẹjọ. Ti Scotland máa ń parí ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹfà. Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ kìíní oṣù keje, inú ilé ni wọ́n máa jókòó sí tí ẹ̀rọ amúlétutù á máa fẹ́ sí wọn lára látàárọ̀ dalẹ́, wọn ò ní ọ̀rẹ́, wọn ò lè jáde ṣeré. Ìyàwó yín náà ò mọ ẹnikẹ́ni. Ìdánìkanwà yẹn burú fún abiyamọ, mo sì fẹ́ kí ẹ rò ó dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ wá ilé, ẹ wá ilé-ìwé, kí wọ́n wá bá yín ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ìwé tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ti Aberdeen kọ̀wé sí àwọn ilé-ìwé báyìí, àyè máa ń kún. Owó ilé-ìwé wọ́n, nítorí náà ẹ bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ máa dá sí i. KHDA, àjọ tó ń bójú tó ilé-ìwé aládàáni ní Dubai, máa ń gbé ìròyìn jáde lórí ilé-ìwé tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò. Ẹ kà á kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní ti ilé, ọ̀pọ̀ onílé máa ń gba owó ọdún kan pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì kan, méjì tàbí mẹ́rin. Owó tabua ni ẹ máa nílò lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú owó ìdúró àti ti ejẹ́ǹtì. Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ yá yín ní owó ilé ṣáájú. Kí ẹ sì bi onílé pé ta ló ń san owó ìtutù ilé. Àwọn ilé kan wà tí owó yẹn wà nínú owó ilé. Nínú àwọn mìíràn, ẹ̀yin lẹ máa san án lọ́tọ̀, ó sì máa ń ga láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án.

Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé nígbà ooru, omi ẹ̀rọ tó yẹ kó tutù máa ń gbóná, nítorí oòrùn ti se é nínú táǹkì lórí òrùlé. Pípa la máa ń pa ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Omi tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, tó wà nínú ilé, á wá tutù ju ti táǹkì lọ. Òun ni kí ẹ fi wẹ ọmọ. Irin bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ náà, ẹ máa fọwọ́ kàn án kí ẹ tó fi de ọmọ. Ó lè jó wọn.

Ọmọ_Ẹ̀gbá:
Ti ilé-ìwé yẹn ò jẹ́ kí oṣù kẹwàá tí mo sọ rọrùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìparí oṣù kẹjọ ṣì sàn ju ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje lọ. Ẹ bèèrè. Ẹni tó fẹ́ yín níṣẹ́ tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìlera yín, ó dáa kí ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Dẹ́rẹ́bà_Sharjah:
Ẹ ta mọ́tò yín ní Aberdeen. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbí, wọn kì í sì í forúkọ mọ́tò tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún sílẹ̀. Ìwé ìwakọ̀ Britain, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ fún yín láìsí ìdánwò. Ti Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ti Britain ni kí ẹ mú wá. Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ níbí, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Ooru máa ń pa táyà àti bátìrì, táyà tó ti gbó lè bẹ́ lórí eré.

Nọ́ọ̀sì_Dubai:
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ti oògùn. Codeine àti tramadol wà lára oògùn tí wọ́n ń ṣọ́ gidigidi níbí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń lò ó, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba UAE lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ìwé dókítà sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé oògùn, bó ti wù kó sún mọ́ yín tó.

Àjàní_Aberdeen:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n gbà kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù kẹjọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ́fíìsì ni mo máa lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí n tó máa fi díẹ̀díẹ̀ jáde. AS ni mí, Nọ́ọ̀sì, mo ti sọ fún wọn. Basic ṣì kéré, mo ní kí wọ́n tún un wò. Ìwé ọmọ ìlú ti wà lọ́wọ́ wa láti ọdún tó kọjá, Àgbà. Ìyàwó mi ń béèrè ohun méjì: ṣé kó fún àwọn èèyàn ní gbogbo aṣọ òtútù, àti pé ṣé bíléńdà wa máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Ìyá_Ìbejì:
Inú mi dùn gan-an. Kó fún wọn ní kóòtù ńláńlá, ṣùgbọ́n kó mú súwẹ́tà kọ̀ọ̀kan dání fún gbogbo yín, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì, kíláàsì àti ṣọ́ọ̀bù ńlá máa ń tutù rinrin. Bíléńdà á ṣiṣẹ́: ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti Britain náà ni wọ́n ń lò, iná náà ò yàtọ̀. Kó gbé e wá.