Kírìmù ló kọ́kọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló pẹ́ kó tó tẹ̀lé e

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan béèrè lánàá pé ṣé ó ṣeé ṣe kéèyàn fi bíbó ara sílẹ̀ pátápátá. Àtàárọ̀ ni mo ti ń kọ èsì tí mo ń pa á rẹ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi bó ṣe rí, tó bá gùn ẹ forí jì mí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bó. Kì í ṣe ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀ o, inú ilé wa n'Ísẹ́yìn ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pupa, èmi dúdú. Àlejò tó bá ti wọlé á wo àwa méjèèjì, á ní "ṣé ìyá kan náà ló bí yín ṣá?" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 14, a lọ síbi ìgbéyàwó kan, gbogbo wa wọ aṣọ ẹbí, a tò kí wọ́n ya wá ní fọ́tò, ni fọtogíráfà bá nawọ́ sí mi, ó ní "dúdú yẹn, bọ́ sẹ́yìn, o ò ní hàn." Àǹtí mi fà mí lápá lọ sẹ́yìn ẹnì kan tó ga jù mí lọ. Mo ṣì ní fọ́tò yẹn dòní. Ṣóńṣó ṣùkú tí wọ́n dì fún mi nìkan ló hàn níbẹ̀.

Nígbà tí mo wá kọ́ṣẹ́ irun n'Íbàdàn, ọ̀gá mi ń bó, àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ń bó. Mo fi ọṣẹ bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sórí kírìmù, nígbà tó yá mo ń lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń pò ó ní Dùgbẹ̀. Á tẹ túùbù mẹ́ta tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì sínú ike, á da lóṣọ̀n sí i, á tún bu lúbúlúbú kan lé e tí kì í sọ orúkọ ẹ̀ fún wa, á wá rò ó pọ̀ títí á fi kì. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré," ohun tó máa ń sọ nìyẹn, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ohun tó ń mú wa mọ́lẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní àpọ́nbéporẹ́, àwọn ọkùnrin ń dúró kí mi. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n oríkèé ìka mi ò gbà, ó dúdú, ó dá yàtọ̀, tí mo bá wà lóde mo máa ń ká ọwọ́ mi pọ̀ sábẹ́ ìborùn. Itan mi sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Tí oòrùn bá mú, ara mi ń rùn, mo mọ̀, àwọn kọ́sítọ́mà náà mọ̀, wọ́n kàn ń yí orí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni tí mo bá ń dirun fún wọn.

Ìgbà tí mo fẹ́ bí àwọn ìbejì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún mi. Àwọn ọmọ jáde láyọ̀, ojú iṣẹ́ abẹ ni ò gbà. Wọ́n rán an, òwú gé awọ. Wọ́n tún un rán. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ń tọ́jú egbò náà lóru, ó rọra sọ fún mi pé "Ìyá Ìbejì, bí ẹni ń rán bébà tó ti rẹ sómi ló rí o. Kí lẹ fi ń pa ara?" Mo purọ́ fún un. Mo ní òrí ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò ní wọ́ọ̀dù, ìyá ọkọ mi ló ń wẹ àwọn ọmọ.

Kì í wá ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí n jáwọ́. Egbò jinná tán mo padà sídìí ẹ̀. Ìyá àgbà mi ló dá mi dúró. Wọ́n ti ta aṣọ òfì títí wọn ò fi ríran mọ́, ọwọ́ ni wọ́n wá fi ń mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí gbàrọ̀gùdù. Mo gbé àwọn ọmọ lọ hàn wọ́n, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, "Adúmáadán ọmọ mi, dúdú bí kóró iṣin." Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ọwọ́ mi lọ, wọ́n rà á bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ òfì wò lọ́jà. Wọ́n ní "Ọwọ́ ta nìyí? Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà." Ẹ rántí pé wọn ò rí àwọ̀ mi o, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wọn. Mo ní "Ìyá, èmi ni." Wọ́n ní "Rárá, mo mọ ọwọ́ ọmọ mi." Mo sunkún débi pé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá mi sun ún.

Mo délé, mo da gbogbo ẹ̀ nù lọ́jọ́ kan, àṣìṣe mi nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ojú mi wú, ó pọ́n, ó ń jó mi bí ẹni fi ata rodo pa á. Dókítà awọ ló wá ṣàlàyé pé túùbù tí ìyá yẹn ń tẹ̀ sínú ike, steroid tó le ni, ìyẹn oògùn awọ kan tí wọ́n ń pè ní clobetasol, tó bá ti mọ́ awọ lára wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì. Ó fún mi ní èyí tí ò le tó o kí n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, àti kírìmù tí mo gbọ́dọ̀ fi para kí n tó jáde sóòrùn. Ó gbà tó oṣù mẹ́jọ. Mo dúdú ju bí wọ́n ṣe bí mi lọ, ó tún wá rí pátápàtá, ojú lọ́tọ̀ ọrùn lọ́tọ̀. Kọ́sítọ́mà á wọlé á ní "ṣé ara ẹ yá ṣá? Àbí owó kírìmù ò sí mọ́?"

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Kírìmù kúrò, ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀ ò kúrò. Tí wọ́n bá yìn mí pé mo mọ irun dì, mo máa ní "ẹ fi èmi òbùrẹ́wà yìí sílẹ̀ jàre." Tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀yìn ni mò ń lọ fúnra mi, kò sẹ́ni tó fà mí. Ìyá aláṣọ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ló kíyè sí i. Ó gbé agolo mílíìkì kan kalẹ̀, ó ní ìgbàkígbà tí mo bá fi ẹnu ara mi bú ara mi, 100 náírà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 2,300! Mo ka owó yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ó ti fi tiẹ̀ kún un ni. Ìgbà 23 láàárín ọjọ́ mẹ́fà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń sọ ọ́. Tẹ́lòmíì bá sọ ìdajì ẹ̀ sọ́mọ mi, èmi àti ẹ̀ la jọ máa dé tèṣọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 200 ló wà nínú agolo.

Ọmọ Agége:

Ìyá Ìbejì ẹ ṣeun gan-an. Ibi fọ́tò yẹn dùn mí wọra. Tèmi kì í ṣe kírìmù o, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé ojú ọ̀nà kan náà la gbà débẹ̀. "Olódo" ni bàbá mi ń pè mí látìgbà tí mo ti wà ní pírámárì, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, kódà tí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ wọn á ní "olódo, lọ bá mi ra sìgá wá." Àbúrò mi ló mọ̀wé, ó ti jàpá lọ sí Kánádà báyìí, èmi ń ṣe fọkanáísà. Ọjọ́ tí àbúrò mi bá fowó ránṣẹ́ sí màmá wa, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń ta tẹ́tẹ́ jù. Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí i pé ọjọ́ kan náà ni. Mo rò pé owó ni mò ń wá, àṣé mo kàn fẹ́ gbé owó ńlá kalẹ̀ níwájú màmá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n lè pariwo orúkọ tèmi náà.

Mo wá kó owó àjọ tó wà lọ́wọ́ mi sí i, 180,000, owó èèyàn 12. Géèmù méje wọlé, ìkẹjọ ló gé tíkẹ́ẹ̀tì mi, gólù wọlé ní ìṣẹ́jú 89. Mo jókòó sórí táyà láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, mò ń ro ohun tí ò yẹ kéèyàn máa rò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo lọ sọ́dọ̀ alhaja tó dàgbà jù nínú wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n bú mi o, àmọ́ wọn ò pè mí lólè. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Friday ni kí n máa mú 5,000 wá, kí n máa fi ọwọ́ mi mú un wá, kí àwọn máa rójú mi. Ọ̀sẹ̀ 36. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹ̀, mo ta 2,000, mo sọ fún wọn náà. Káàdì ATM mi, ọwọ́ ìyàwó mi ló ṣì wà.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọkàn akin. Ọ̀rọ̀ kírìmù nìkan ni mo fẹ́ fi díẹ̀ kún. Kì í ṣe àwa díẹ̀ ló ń ṣe é o, ìwé tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 2011 sọ pé obìnrin 77 nínú 100 ló ń lò ó ní Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, náà kéde nínú oṣù kejì ọdún 2023 pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni mercury, irin olómi olóró tí wọ́n ń pò mọ́ kírìmù míì, torí kíndìnrín ló máa ń lọ bá. Wọn kì í fi gbogbo ìgbà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kọ "calomel" tàbí "mercurio." Tí ẹ bá rí i lára páálí pé kó má kan wúrà tàbí fàdákà, pé kí ẹ yọ òrùka kí ẹ tó fi para, ẹ fura, torí mercury máa ń ba wúrà jẹ́. Mo ti rí ìyá ọlọ́mọ ọjọ́ mẹ́jọ tó ń fi kírìmù bíbó para fún ọmọ tuntun pẹ̀lú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Sísì Peckham:

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin ò gbà kí wọ́n kàn máa ta hydroquinone, èròjà tó ń bó ara, fún wa ní London níbí láìsí ìwé dókítà, ṣùgbọ́n abẹ́ káńtà ni mo ti ń rà á, ọdún kẹrin rèé. Ojú mi ti ń bó lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń ta mí. Mo ti gba àpọ́íńtímẹ́ǹtì lọ́dọ̀ dókítà, ọjọ́ Tuesday ni, ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí pé òyìnbó ni. Ìyá Ìbejì, kí ni kí n sọ tí mo bá débẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Lọ o. Ọjọ́ tí mo lọ sọ́dọ̀ dókítà mi, ọwọ́ lásán ni mo gbé lọ torí mo ti da nǹkan nù, ó ní ká ní mo gbé e dání ni, òun ì bá ka ohun tó wà nínú ẹ̀ kíákíá. Ìwọ gbé gbogbo ẹ̀ dání pẹ̀lú páálí ẹ̀, ọṣẹ, túùbù, èyí tí wọ́n pò fún ẹ, má ṣe yọ ọ̀kankan kúrò. Tí wọ́n bá wá bi ẹ́ pé kí lo fi ń pa ara, má sọ pé òrí ni.