Màmá mi ò fẹ́ ya X-ray àyà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí màmá mi ti ń wúkọ́. Dókítà ní ká lọ ya X-ray àyà. Màmá yarí. Wọ́n ní oṣù tó kọjá ni wọ́n ya ti orúnkún, pé iná méjì á pàdé nínú ara àwọn. Èmi tí mo máa mú wọn lọ, mo lóyún oṣù méjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Títí: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Iṣẹ́ X-ray yìí ni mò ń ṣe jẹun. Kò sí iná kankan tó ṣẹ́kù ní orúnkún wọn. Inú gíláàsì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán ni X-ray ti ń wá. Wáyà tín-ín-rín kan á gbóná níbẹ̀, á máa tu elẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn èérún tín-ín-tìn-tín tó ń gbé iná mànàmáná, jáde, iná mànàmáná tó tó nǹkan bí 100,000 volt á wá fi eré burúkú gbá wọn lu irin tungsten. Ibi tí wọ́n ti kọlu irin yẹn ni X-ray ti ń jáde, kò sì ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 agbára náà lọ, ooru ni ìyókù. Tí mo bá ti jáwọ́ lára bọ́tìnì, ó tán nìyẹn, bí ìgbà téèyàn pa tọ́ọ̀ṣì.

Ìwọ̀n ìtànṣán tó ń kan ara nínú X-ray àyà kan kò ju irú ìtànṣán tí ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún wa ní nǹkan bí ọjọ́ 10. Eegun ń dí i lọ́nà, ló ṣe ń funfun nínú àwòrán; ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún a máa dúdú. Bí omi tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wà níbẹ̀, ojú ibẹ̀ sábà máa ń funfun.

Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹ sọ pé ẹ lóyún, ẹ dúró síta. Bó bá di dandan kí ẹnìkan di màmá mú, kó jẹ́ ẹlòmíì, wọ́n á fún un ní ẹ̀wù òjé wọ̀.

Àǹtí Aláṣọ: Ẹ bá wọn bọ́ ṣéènì ọrùn o. Pín-ìnnì tí mo fi so ìborùn hàn gbangba lórí àyà mi bí ìṣó, ni wọ́n bá ní ká tún un yà.

Alágbo Òdodo: Orógbó ni kẹ́ ẹ fún wọn, ẹ fi X-ray sílẹ̀.

Bàbá Títí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, orógbó kì í fi inú àyà han dókítà. Ikọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nílé ìwòsàn ìjọba.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ka ti tọ́ọ̀ṣì yẹn sí màmá létí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí àbúrò mi ọkùnrin mú àwọn lọ lọ́la, kí èmi jókòó sílé.